Odó Ìyá Abẹ́rẹ́ Lábẹ́ Igi Àgbálùmọ̀

Ní ọjọ́ tí a sin Ìyá Àgbà, irọ́ tí àwọn ènìyàn pa nílé wa kò kéré. Ẹnì kan ní ìyá jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ẹlòmíràn ní wọn kò bá ẹnikẹ́ni ṣe gbólóhùn asọ̀ rí. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ, tó ti bá Ìyá Àgbà jà nítorí ewé ẹ̀fọ́ títí ewé náà fi rọ mọ́ wọn lọ́wọ́, kúnlẹ̀ síwájú òkú, ó ń sunkún pé abiyamọ tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ti lọ. Mo wo ojú òkú náà dáadáa. Bí kì í bá ṣe ikú ni, mo mọ̀ pé wọn ì bá dìde fèsì.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìyá Àgbà fẹ́ràn òótọ́ púpọ̀, pàápàá bí òótọ́ náà bá jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Wọ́n kúrú. Bí wọ́n bá wọ inú oko àgbàdo, ohùn wọn nìkan la fi ń mọ ibi tí wọ́n wà, ohùn náà sì tó lé ẹyẹ. Ẹnì kan fi kíkúrú wọn ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà kan, wọ́n sì dá a lóhùn pé kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Abà Alágbálùmọ̀ ti ń pè wọ́n ní Ìyá Abẹ́rẹ́. Èmi ni ọmọ kan ṣoṣo tí ọmọ wọn ọkùnrin bí, abẹ́ wọn ni mo sì dàgbà sí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé lọ́dọ̀ àwọn onígbàgbọ́ nínú ìgboro Ìbàdàn, Ìyá Àgbà gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i sókè, wọ́n yí i sílẹ̀, wọ́n dá a padà. "Bí o bá máa kọ mí sínú nǹkan yìí," ni wọ́n wí, "kọ ọ́ pé mo ga."

Wọn kò gbà pé àwọn ń sùn rí. Wọ́n á jókòó ti ààrò lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, orí wọn á tẹ̀, ẹnu wọn á là, ìhanrun á sì bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ẹ lọ fẹ̀yìn lélẹ̀."

"Kí n lọ ṣe kí ni? Mò ń ronú."

"Ẹ ń hanrun, Ìyá Àgbà."

"Ìrònú tó bá jinlẹ̀, bó ṣe máa ń dún nìyẹn."

Aáṣáà ni ayé wọn. Ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí kò yé ẹnikẹ́ni, nítorí a ti tú yàrá wọn títí, a kò rí i. Ṣùgbọ́n aáṣáà yìí la fi ń mọ inú wọn. Bí wọ́n bá jiyàn tí wọ́n borí, wọ́n á fín in símú, wọ́n á sín títí àwọn adìyẹ á fi sá. Bí wọ́n bá pàdánù, wọ́n á fín in, imú náà á sì dákẹ́ kẹ́kẹ́. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló fà á. Wọ́n ní, "Imú mi kì í bá òfò yọ̀."

Ẹni tí wọ́n bá jiyàn jù lọ ni Bàbá Adúmáadán, àbúrò bàbá mi àgbà. Nígbà tí Ìyá Àgbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, Bàbá Adúmáadán ṣì ń rákò. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa: ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàwó náà ló ń nù ún nídìí. Ìyàwó kò sì gbọdọ̀ pe ọkọ lórúkọ. Ìyá Àgbà ń fi àdí pa ọmọ náà lára, ó ń dán, wọ́n sì sọ ọ́ ní Adúmáadán. Gbogbo abà gba orúkọ náà lò, débi pé èmi kò mọ orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n títí di òní.

Àgbà méjì wá di ẹni tí ń bá ara wọn jà pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Òbúkọ Bàbá Adúmáadán fẹ́ràn èlùbọ́ tí Ìyá Àgbà bá sá sórí àpáta. Ní òwúrọ̀ tó bá ti ṣẹlẹ̀, Ìyá Àgbà á lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n á kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, ọkọ mi Adúmáadán. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"Dáadáa ni, ìyàwó mi. Ẹ dìde."

"Mi ò tíì lè dìde, mi ò tíì sọ tinú mi. Ẹran yín tún ti jẹ èlùbọ́ mi. Ó jọ ẹni tó ni ín, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní 'ó tó'."

"Ojú ọ̀nà ẹran lẹ sá èlùbọ́ sí, ìyàwó mi."

"Àpáta ló dọ̀nà ẹran lónìí? Ẹ kú ìdájọ́, ọkọ mi, olójú òbúkọ."

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á tó dìde, wọ́n á gbọn eruku orúnkún wọn, wọ́n á sì máa lọ. Mo ní ṣé kì í tì wọ́n lójú láti máa kúnlẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń bú. Wọ́n ní, "Orúnkún mi ló ń kí wọn. Ẹnu mi ò sí níbẹ̀."

Abà wa wà lápá ibi tí ọ̀nà Ìwó gbà kúrò ní Ìbàdàn. Ẹni tó bá ru epo kúrò nílé ní àkùkọ ìdájí, oòrùn á ti mú un kó tó dé bodè. Ọ̀gágun tó ni ilẹ̀ wà nínú ìgboro, ohun tó sì kàn án nínú ọ̀ràn tiwa ni iṣu àti epo tí à ń kó lọ fún un. Ìyókù ọ̀rọ̀ ara wa, abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ńlá tó wà láàárín abà la ti ń sọ ọ́. Lábẹ́ igi yìí, ẹni tó ní àpótí ìjókòó nìkan ló ní ohùn. Ilé kọ̀ọ̀kan tí òfin mọ̀ ní àpótí kan níbẹ̀, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn, kì í kúrò. Bí a bá fẹ́ ṣe òfin tuntun, ẹni tí ń kéde yóò pè é síta, gbogbo ẹni tó bá fọwọ́ sí i yóò gbé àpótí rẹ̀ sókè, yóò sì gbé e kalẹ̀ gbì. Bí a bá fẹ́ yan Baálẹ̀, kálukú yóò gbé àpótí rẹ̀ lọ sẹ́yìn ẹni tó wù ú. Ẹni tí kò ní àpótí a máa dúró lẹ́yìn igi. Ó lè gbọ́, kò lè dá sí i.

Ìyá Àgbà mọ ẹ̀yìn igi náà bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tí ìlú tú lókè Ọ̀yọ́, tí wọ́n sá wá sí ìhà ibí, ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ ṣán igbó abà nìkan ló ní àpótí. Ẹ̀yìn igi ni bàbá mi àgbà dúró sí, bó ti wù kí oko wọn tóbi tó. Nígbà tó sú àwọn àlejò, wọ́n kó àdá wọn sórí àjà nígbà yíyẹ ọ̀nà. Wọ́n ní ẹni tó ní ohùn ni kó yẹ ọ̀nà. Kò pẹ́ tí igbó fi bo ọ̀nà odò àti ọ̀nà Ìbàdàn, àwọn tó ní àpótí bínú, wọ́n halẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Nígbẹ̀yìn, àpótí dún gbì, òfin sì di pé gbogbo ọkùnrin tó bá ń ro oko abà ló ní ìjókòó. Bàbá mi àgbà ru àpótí tuntun lọ sábẹ́ igi, Bàbá Adúmáadán náà ru tiwọn tẹ̀ lé e. Ìyá Àgbà gúnyán ní ọjọ́ náà, wọ́n sunkún ayọ̀ sínú ọbẹ̀. Nígbà tí ọkọ wọn ń jẹun, wọ́n bi í pé, "Èmi ńkọ́?" Bàbá mi àgbà rẹ́rìn-ín títí iyán fi há wọn lọ́fun.

Ìyá Àgbà fẹ́ràn ìtàn yìí, bí wọ́n sì ṣe máa ń parí rẹ̀ nìyí: "Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Àmọ́ mo fi díẹ̀ nínú ẹ̀rín tèmi pamọ́."

Bàbá mi àgbà kú, bàbá mi sì jogún àpótí wọn. Lẹ́yìn náà ni ogun Ìjàyè kó àwọn ọkùnrin wa lọ, bàbá mi náà bá wọn lọ. Àwọn tó ṣẹ́kù nílé ni arúgbó àti àwọn tí wọ́n ń tiro. Àwọn obìnrin ló kọ ebè, àwọn ló yẹ ọ̀nà, àwọn ló ń ru epo lọ bá ọ̀gágun. Ìyá Àgbà ló ń parí ìjà nínú abà, ìlọ́po méjì ìjà tí wọ́n parí ni wọ́n sì dá sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ní èèwọ̀ ni. Ogun kì í béèrè ta ló ní àpótí.

Nígbà tí ogun náà parí, Bàbá Adúmáadán bọ̀, fìlà bàbá mi wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ẹni tí wọ́n ń pè ní ìyàwó wọn. Ìyá Àgbà gba fìlà náà, wọ́n ká a, wọ́n fi há ìgbàdí, wọ́n sì wọ inú ilé lọ. Ó pẹ́ gan-an kí a tó tún gbọ́ ohùn wọn. Èmi tí mo ti ń gbàdúrà tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n bú ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe èmi.

Òfin abà ni pé bí onílé bá kú, a óò dojú àpótí rẹ̀ bolẹ̀ lábẹ́ igi títí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò fi gbé e dìde. Bí iṣu tuntun bá jáde tí kò sí ọkùnrin tó gbé e, ilẹ̀ ilé náà ti padà sọ́wọ́ abà nìyẹn. Baálẹ̀ àtijọ́ ti bógun lọ. Bàbá Adúmáadán ló ń kéde òfin títí a ó fi yan òmíràn, ọwọ́ wọn gan-an ni wọ́n fi dojú àpótí ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn bolẹ̀. Bàbá mi kò bí ọkùnrin. Ìyá Àgbà, ìyá mi àti èmi ló kù nílé wa. Bí iṣu tuntun bá jáde, oko wa àti ibi tí a ti ń fọ epo létí odò yóò di ti ẹlòmíràn, a ó sì máa wá ẹni tí yóò gbà wá sílé kiri. Ilé opó mìíràn wà lábà tí ọ̀rọ̀ wọn dà bíi tiwa.

Ní ọjọ́ tí Ìyá Àgbà tún lahùn, wọ́n lọ tààrà sábẹ́ igi, wọ́n sì di àpótí náà mú. Bàbá Adúmáadán sáré dé.

"Ìyàwó mi, ẹ jọ̀wọ́. Obìnrin kì í gbé àpótí dìde. Òfin ni."

"Ta ló ṣe òfin náà, ọkọ mi?"

"Àwọn àgbà ni."

"Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ẹ̀yìn igi lẹ wà. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín."

"Wọ́n ti tún un ṣe, ìyàwó mi."

"Ẹ̀hẹ́n! Ó ṣeé tún ṣe nígbà náà. Ṣé ọwọ́ yín ló ti wá rọ báyìí?"

Bàbá Adúmáadán kì í ṣe ìkà. Wọ́n kàn gba òfin gbọ́ ju bí àwọn tó ṣe é ṣe gbà á gbọ́ lọ, ẹ̀rù àwọn ọkùnrin yòókù sì ń bà wọ́n. Wọ́n gba àpótí náà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà jẹ́jẹ́, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ padà. Ìyá Àgbà kò jà. Mo mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ti burú.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá iná kiri. Iná wa ń jó dáadáa nínú ààrò, ṣùgbọ́n wọ́n á mú àpáàdì dání, wọ́n á wọ ilé yìí, wọ́n á wọ tọ̀hún, wọ́n á sì pẹ́ níbẹ̀. Ìyá mi ní, "Ìyá, iná wà nílé." Wọ́n ní, "Èyí tí mò ń wá kì í ṣe ti ọbẹ̀."

Ilẹ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ yan Baálẹ̀ mọ́, àwọn ọkùnrin sì jókòó lórí àpótí. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ilé gbogbo, olúkúlùkù ru odó tàbí ó ń yí i nílẹ̀. Odó iyán, odó èlùbọ́, odó tí a fi ń gún ẹyìn, kò sí èyí tó ṣẹ́kù nílé. Wọ́n dojú wọn dé sílẹ̀ lábẹ́ igi, wọ́n sì jókòó lé wọn.

Odó Ìyá Àgbà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ọ̀ràn náà jẹ́. Bàbá mi àgbà ló gbẹ́ ẹ nígbà ayé wọn, ó ga, a sì máa ń gbé òkúta sílẹ̀ fún Ìyá Àgbà láti dúró lé kí wọ́n tó lè gúnyán nínú rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú láti gùn ún, kò ṣeé ṣe. Ìyá mi di apá kan mú, ìyàwó alágbẹ̀dẹ di apá kejì, wọ́n gbé wọn lé e. Ẹsẹ̀ wọn kò kanlẹ̀. Ó ń mì dirodiro bí ẹsẹ̀ ọmọ tí a gbé ka àga àgbà, àwọn ọkùnrin sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan nínú wọn kígbe pé, "Èèwọ̀! A kì í jókòó sórí odó!"

"Bí inú bá bí odó," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn, "èmi tí mò ń fojoojúmọ́ lù ú ni yóò bá jà. Ìwọ ò tíì fọwọ́ kan ọmọ odó rí."

Bàbá Adúmáadán dìde. "Ìyàwó mi, kí lẹ fẹ́?"

"Ìjókòó ni, ọkọ mi. Àwa la yẹ ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà bọ̀ láti ogun. A fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nínú abà tí a bá yín tọ́jú. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Àwọn ọkùnrin ní kí a fi wọ́n sílẹ̀, pé yóò rẹ̀ wọ́n. Kò rẹ̀ wọ́n. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á lọ sùn, wọ́n á fi odó sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n ti padà dé. Kò sí ẹni tó fi ebi pa ọkọ rẹ̀, kí a má purọ́ mọ́ wọn. Iṣu wà, iná wà, ẹni tó bá fẹ́ jẹun kó sun ún. Iṣu sísun láàárọ̀, iṣu sísun lọ́sàn-án, iṣu sísun lálẹ́. Òsúkè gba gbogbo abà. Ẹ óò rí ọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n dúró lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń ṣe "hìkì" síra wọn dípò ìkíni. Alágbẹ̀dẹ yọ́ wá ní òwúrọ̀ kan láti jí odó ìyàwó rẹ̀ gbé. Ìyàwó náà jókòó lé e kí ó tó gbé e dìde, ó sì bi í pé ṣé òun náà ni yóò rù lọ sílé. Lẹ́yìn ẹ̀rín, ẹyìn ń jẹrà létí odò, ìgbà tí a máa kó epo lọ bá ọ̀gágun sì ti ń súnmọ́. Ojú àwọn ọkùnrin kò tún rẹ́rìn-ín mọ́.

Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Àwọn ọkùnrin sá wọlé. Ọ̀pọ̀ àwọn obìnrin fi igbá borí, wọ́n jókòó. Èmi wà lẹ́yìn Ìyá Àgbà, mo di wọ́n mú kí odó má baà yọ̀ mọ́ wọn nídìí. Bàbá Adúmáadán jáde wá pẹ̀lú ẹní, wọ́n nà án bo orí Ìyá Àgbà, omi sì ń ṣàn sí àwọn fúnra wọn lára.

"Ìyàwó mi, ẹ sọ̀ kalẹ̀, òtútù á pa yín."

"Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ta ni yóò gbé mi padà?"

Bàbá Adúmáadán rẹ́rìn-ín. "Ṣé nítorí ilẹ̀ ni? Mo fún yín ní apá kan nínú tèmi. Ẹ máa lò ó títí ẹ ó fi kú."

"Ẹ ṣé. Bí ẹ̀yin bá kọ́kọ́ kú ńkọ́? Ọmọ tó wà lẹ́yìn mi yìí ńkọ́? Ohun tí ẹ fún mi, ẹ lè gbà á. Ohun tí mo bá lóhùn sí, tèmi ni."

"Obìnrin ò jókòó níbí rí, ìyàwó mi. Odó kì í ṣe ìjókòó."

Ìyá Àgbà yí orí padà, wọ́n wo ojú wọn. Wọn kò pariwo. "Ọkọ mi, nígbà tí ìlú tú, tí mo pọ̀n yín sá, ẹ̀yìn mi lẹ jókòó lé láti òkè Ọ̀yọ́ títí dé ibí. Ẹ ò sọ nígbà náà pé kì í ṣe ìjókòó."

Mo gbọ́ ọ, òjò náà gbọ́ ọ. Bàbá Adúmáadán kò gbé ẹní náà kúrò lórí Ìyá Àgbà títí òjò fi dá.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n pe gbogbo abà jọ. Òsúkè kò jẹ́ kí ìkéde náà já gaara, ṣùgbọ́n a gbọ́ ọ. Wọ́n ní láti òní lọ, ẹni tó bá ń ro oko abà, tó ń yẹ ọ̀nà rẹ̀, hìkì, ọkùnrin tàbí obìnrin, ó ní ìjókòó lábẹ́ igi. Bí onílé bá kú, ẹni tó bá kù nínú ilé náà ni yóò jókòó dípò rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì ní lọ síbì kan. Wọ́n gbé àpótí tiwọn sókè, wọ́n gbé e kalẹ̀ gbì. Ó kọ́kọ́ dá dún. Bàbá Sùlè, ìmàle tí bàbá wọn wà nínú àwọn tó ṣán igbó abà, gbé tiwọn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, òmíràn, àti òmíràn. Alágbẹ̀dẹ wo ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé tirẹ̀. Àwọn obìnrin náà gbé odó, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ilẹ̀ mì tìtì, omi òjò àná sì já lu gbogbo wa láti orí ewé.

Ìyá Àgbà lọ gbé àpótí bàbá mi dìde. Wọ́n nù ún pẹ̀lú etí ìró wọn. Wọn kò jókòó lé e. Wọ́n fún ìyá mi, wọ́n ní kí wọ́n gbé ìjókòó ọkọ wọn lọ sílé, pé àwọn ti ní tàwọn.

Ibi tó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyẹn, bí ayé bá ń ṣe bó ṣe tọ́. Ṣùgbọ́n a ṣì ní Baálẹ̀ láti yàn. Bàbá Sùlè àti Bàbá Adúmáadán ni wọ́n dìde fún un. Ìyá Àgbà ti pinnu pé Bàbá Sùlè ni, wọ́n sì rò pé gbogbo obìnrin ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dojú kọ odó wọn, wọ́n ń yí i lọ sẹ́yìn Bàbá Sùlè, òógùn ń bọ́, wọn kò wẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀ tí wọ́n gbójú sókè, àwọn nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Gbogbo odó yòókù ti wà lẹ́yìn Bàbá Adúmáadán. A ka odó pọ̀ mọ́ àpótí, Bàbá Adúmáadán sì di Baálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá Abẹ́rẹ́," ni ìyàwó alágbẹ̀dẹ wí. "Èèyàn gidi ni Bàbá Sùlè. Àmọ́ kí wọ́n tó dáhùn 'ẹ kú àárọ̀', ilẹ̀ á ti ṣú."

A padà sílé. Ìyá Àgbà fín aáṣáà símú, imú dákẹ́.

"Ìyá Àgbà, ṣé inú ń bí yín?"

"Inú ń bí mi burúkú."

"Ṣé ẹ ò ní bá wọn wí ni?"

Wọ́n gbọn eruku aáṣáà kúrò lọ́wọ́. "Mo ní kí wọ́n lóhùn," ni wọ́n wí. "Mi ò ní kí wọ́n máa yá tèmi lò." Lẹ́yìn náà ni wọ́n sín. Wọ́n sín, wọ́n sín, adìyẹ sì sá.

Láti ìgbà náà, kò sí ìpàdé tí wọ́n pa jẹ. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n á ti orí ọ̀nà odò bọ́ sórí òbúkọ. Baálẹ̀ á ní, "Ìyàwó mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó." Wọ́n á ní, "Mo ti jókòó tipẹ́, Kábíyèsí òbúkọ. Ẹ̀yin náà lẹ fọwọ́ sí i."

Ikú wọn kò pariwo. Wọ́n ń ronú lẹ́bàá ààrò, ìhanrun náà sì dá.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Baálẹ̀ wá sábẹ́ igi láti dojú ìjókòó wọn bolẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin. Gbogbo wa dúró. Wọ́n di odó náà mú, wọ́n yí i, ẹnu rẹ̀ sì kọjú sókè. Àpótí ẹni tó kú máa ń dojú délẹ̀, kì í wúlò fún ohunkóhun. Ti Ìyá Àgbà kọjú sókè, bí ẹni tó ń retí iṣu. Baálẹ̀ dúró, wọn kò mọ ohun tí òfin wí sí èyí. Lórí ilẹ̀ níbi tí odó náà bò, a rí ewé tí a dì. Aáṣáà ni. Ẹnu odó ti ya lápá kan, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá, lójú gbogbo wa.

Baálẹ̀ mú díẹ̀, wọ́n fín in símú. Wọ́n sín títí omi fi ń dà lójú wọn, kò sì tètè dá. Wọ́n ní aáṣáà ni.

Wọ́n tún odó náà dojú dé. "Ilé Ìyá Abẹ́rẹ́," ni wọ́n kígbe, "ta ló kù?"

Ìyá mi tì mí síwájú. "Ìwọ lo jogún ẹnu wọn," ni wọ́n wí.

Ìyá Àgbà, ẹ ní kí n kọ ọ́ pé ẹ ga. Mo ti kọ òdìkejì rẹ̀, ẹ má bínú. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ di apá mi kan mú, ìyá mi di èkejì, wọ́n gbé mi lé e. Mo jókòó. Ẹsẹ̀ tèmi náà kò kanlẹ̀.